Ìpanu Ọdún Tí A Kò Gbé Kaná

 

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé kan ní Ìbàdàn. Ó kọ ọ́ báyìí pé: “Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì wa, mo lọ síbi ìgbéyàwó kan, mo rí i tí wọ́n to ọ̀pẹ òyìnbó, kùkúńbà àti tòmátì sínú àwo bí òdòdó, tí àwọn àlejò ń fi igi ìtayín mú un jẹ kí ìrẹsì tó dé. Ó wù mí púpọ̀. Ojú ìdáná mi kò ju méjì lọ, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ni yóò sì gbà wọ́n lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ǹjẹ́ mo lè ṣe irú ìpanu bẹ́ẹ̀ láì dáná sí i, kí ó má sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan?”

Ìbéèrè yìí dára, pàápàá ìdajì rẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Èsì mi ni pé ó ṣeé ṣe. Kò gba gáàsì, kò gba kẹrosíìnì, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ ju ti ẹran díndín lọ. Ó ń ṣe ara lóore pẹ̀lú, nítorí pé lọ́jọ́ ọdún, òróró àti ẹran ni a máa ń jẹ jù, èso àti ewébẹ̀ a sì di ohun ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n kí a tó mú ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ yé.

Iṣẹ́ tí iná ń ṣe fún wa

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rò pé kí oúnjẹ lè rọ̀ nìkan ni a ṣe ń gbé e kaná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ni oníbodè ilé ìdáná. Ẹran tí eṣinṣin ti bà lé lọ́jà, ẹ̀fọ́ tí a fi omi ìdọ̀tí bu wọ́n lóko, ata tí ọwọ́ mẹ́wàá ti yẹ̀ wò, gbogbo wọn ni iná ń dá dúró, tí ó ń pa kòkòrò àìfojúrí tí ó wà lára wọn kí wọ́n tó dé ọ̀fun wa. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ohun tí iná kò kàn, a ti ní kí oníbodè lọ sinmi nìyẹn. Ta ni yóò wá dúró ní ipò rẹ̀?

Ní ọdún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìlànà márùn-ún fún gbogbo ayé lórí bí oúnjẹ kò ṣe ní di àìsàn. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí a se oúnjẹ jinná. Ìpanu tiwa kò ní ti iná, nítorí náà mẹ́rin tí ó kù ni a gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ gírígírí: kí ọwọ́ àti ibi iṣẹ́ mọ́, kí a ya ohun tútù bí ẹran sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ó jẹ, kí a má fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú ooru, kí omi àti èso tí a ń lò sì jẹ́ èyí tí ó dára. Kí ó lè rọrùn láti rántí, mo sọ wọ́n lórúkọ fún àwọn abiyamọ tí wọ́n ń wá sí dísípẹ́ńsárì wa: Ọwọ́, Ọ̀bẹ, Aago, Omi.

Ohun tí ojú mi rí

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ sí lára nínú ilé ara mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọjọ́ Kérésìmesì, àbúrò mi obìnrin mú ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì wá bá mi ṣọdún. Mo ti gé adìẹ tútù lórí pátákó ní ilé ìdáná, mo sì gbé e kaná. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń bá mi ṣiṣẹ́ gé ọ̀pẹ òyìnbó fún àwọn àlejò. Orí pátákó kan náà ni ó gbé e lé, ọ̀bẹ kan náà ni ó mú, àkísà ni ó sì fi nù ún. Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Àmọ́ àlejò ń kan ilẹ̀kùn, òróró ń ta nínú ìkòkò, mo sọ nínú ọkàn mi pé kò burú, ọjọ́ kan ṣoṣo ni.

Nígbà tí ó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ń ṣu gbuuru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ń sunkún láìsí omi lójú. A ń fi ṣíbí fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà títí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti fa omi sí i lára. Ọjọ́ kẹta ni ó tó bèèrè oúnjẹ. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ṣàìsàn nínú ilé wa lọ́dún náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì jẹ ọ̀pẹ òyìnbó yẹn. Àwọn tí ó jẹ ìrẹsì àti adìẹ nìkan kò ní nǹkan kan. Ẹ gbọ́ o: adìẹ tí ó ni kòkòrò kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, nítorí iná ti kàn án. Ọ̀pẹ òyìnbó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó gbé ẹrù ẹlẹ́rù wọlé.

Àbúrò mi kò bá mi jà. Ohun tí ó bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: “Àǹtí mi, nígbà tí ẹ rí i, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?” N kò rí èsì fún un títí di òní. Nítorí ìbéèrè náà ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí fún yín kí ọdún tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún.

Ọwọ́

Kí wọ́n tó kọ́ wa bí a ti ń gún abẹ́rẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa. Wọ́n sọ ìtàn dókítà kan fún wa tí a ń pè ní Ignaz Semmelweis. Ní ọdún 1847, ní ìlú Vienna, ó pàṣẹ pé kí àwọn dókítà máa fi omi tí a po oògùn kiloríìnì sí fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan àwọn obìnrin tí ó ń rọbí. Ikú àwọn abiyamọ sì dínkù jọjọ nínú ilé ìwòsàn náà. Bí ọwọ́ dókítà bá lè gbé ikú, mélòó mélòó ni ọwọ́ àwa tí a ti ka owó lọ́jà, tí a ti tẹ fóònù, tí a ti nu ìdí ọmọ?

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọwọ́, ẹ fọ àárín ìka, ẹyìn ọwọ́ àti abẹ́ èékánná. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta ní pẹ̀lẹ́ títí yóò fi pé ogún kí ẹ tó ṣan án. Ẹ tún un fọ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá dé láti ilé ìgbẹ́ tàbí tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹran tútù. Ẹni tí ó ní egbò lọ́wọ́, kí ó dì í dáadáa kí ó tó súnmọ́ oúnjẹ. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣí tàbí tí ó ń bì, kí ó jókòó sí pálọ̀ kí ó máa gba àlejò; kí ó má bá wa gé èso rárá títí yóò fi pé ọjọ́ méjì tí àìsàn náà ti dáwọ́ dúró.

Ọ̀bẹ

Ẹ gé èso àti ewébẹ̀ yín tán kí ẹ tó mú adìẹ tàbí ẹran jáde. Ìlànà kékeré yìí nìkan ìbá ti gba ọmọ àbúrò mi sílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀bẹ jẹ́ méjì àti pátákó méjì: ẹ fi ọ̀dà pupa kun ìdí èkù èyí tí ó jẹ́ ti ẹran, kí ọmọ kékeré pàápàá lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ ní, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ ṣan án, ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Àkísà kì í fọ nǹkan, ṣe ni ó máa ń pín ìdọ̀tí káàkiri.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Èso tí a ó bó èèpo rẹ̀ dànù pàápàá, ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bó o. Nígbà tí ọ̀bẹ bá gba ara èèpo kọjá, yóò wọ́ ìdọ̀tí ara èèpo náà wọnú lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó mọ́ bo ọ̀pẹ òyìnbó àti bàrà olómi lára kí ẹ tó là wọ́n.

Aago

Kòkòrò àìfojúrí ń bí sí i ju eku lọ. Nínú oúnjẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn kan nínú wọn lè di ìlọ́po méjì láàrin ìṣẹ́jú 20. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹyọ 1 yóò di 8 ní wákàtí kan, yóò di 64 ní wákàtí méjì, 512 ní wákàtí mẹ́ta, àti 4,096 ní wákàtí mẹ́rin. Oúnjẹ náà lè máa rùn dáadáa síbẹ̀, kí adùn rẹ̀ má sì yí padà. Ẹ má fi imú dá ẹjọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, èso tí a ti gé kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ lórí tábìlì. Bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 lọ, èyí tí kì í ṣọ̀wọ́n lọ́sàn-án ní ìlú wa, wákàtí kan ni. Ẹ pín ìpanu yín sí àwo kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ gbé ọ̀kan jáde, ẹ fi ìyókù sínú fíríìjì, níbi tí òtútù kò ti ju ìwọ̀n 5 lọ. Bí èyí tí ó wà níta bá tán, ẹ gbé àwo mìíràn jáde. Ẹ má da tuntun lé ògbólógbòó lórí. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ pa ilẹ̀kùn fíríìjì dé pinpin: tí a kò bá ṣí i, ó lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Ẹni tí kò ní fíríìjì, kí ó má gé èso rẹ̀ títí àlejò yóò fi jókòó. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Èso tí a gé lójú àlejò dùn ún wò ju èyí tí a gé láti àárọ̀ lọ.

Omi

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Nínú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ènìyàn ti bà jẹ́ ni àrùn yìí ti ń wá, kì í ṣe láti ọwọ́ ayé. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí ẹ kò fọkàn tán, ẹ sè é títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú ìkòkò tí ó ní ìdérí, kí ẹ tó fi fọ èso. Yìnyín náà omi ni: èyí tí ẹ bá mọ orísun rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò.

Ẹ máa da omi náà sórí èso kí ó máa ṣàn lọ, kí ẹ fi ọwọ́ ra á. Ṣíṣàn omi ni ó ń gbé kòkòrò lọ. Ọ̀pọ̀ wa ni ó máa ń fi iyọ̀ sínú abọ́, tí a ó rẹ ewébẹ̀ sínú rẹ̀, tí a ó sì rò pé ó parí. Iyọ̀ lè mú kí ìdin àti kòkòrò tí ojú ń rí jábọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti pa èyí tí ojú kò rí. Ẹ má sì fi ọṣẹ tàbí ìyẹ̀fun ìfọṣọ fọ ohun tí a ó jẹ.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ ra èso odindi tí kò sán, tí kò ní ojú egbò. Ẹ má ra èyí tí a ti là sílẹ̀ tí eṣinṣin ń bà lé. Agolo sadíìnì tí ó wú, tí ó jò tàbí tí ó ti dípẹtà, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí a kọ sí i lára. Ẹ ṣa ẹ̀pà dáadáa: èyí tí ó ti bu, tí ó súnkì tàbí tí ó korò, ẹ dà á nù. Májèlé kan wà nínú ẹ̀pà tí ó bu tí a ń pè ní aflatoxin, tí ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ pípẹ́, yíyan kò sì lè mú un kúrò tán.

Àwo mẹ́rin fún àlejò mẹ́wàá

Èkíní, ọkọ̀ ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹ mú ọ̀pẹ òyìnbó ńlá kan tí ó pọ́n, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ là á sí méjì láti orí dé ìdí, kí ewé orí rẹ̀ wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ fi ara èèpo sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ìka kékeré. Ẹ yọ igi àárín rẹ̀ dànù, ẹ gé èyí tí ó rọ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ gé ìdajì ìbẹ́pẹ kan àti ègé bàrà olómi kan bákan náà, ẹ yọ kóró wọn. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan lé e lórí, ẹ pò ó, ẹ dà á padà sínú ọkọ̀ méjèèjì. Pupa, ìyeyè àti ewé tútù orí rẹ̀ yóò mú kí ojú jẹun kí ẹnu tó jẹ. Ṣúgà kò sí níbẹ̀, kò sì nílò rẹ̀.

Èkejì, òdòdó kùkúńbà. Ẹ fọ kùkúńbà mẹ́ta. Ẹ fi ẹnu fọ́ọ̀kì fa ìlà sí ara èèpo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ yí i ká, kí ẹ tó gé e róbótó-róbótó ní ìwọ̀n ìbú ìka. Ẹ ó rí i pé etí ègé kọ̀ọ̀kan yóò dà bí òdòdó. Ẹ ṣí agolo sadíìnì méjì, ẹ da òróró rẹ̀ nù, ẹ kó o sínú abọ́, ẹ fi fọ́ọ̀kì rún un pẹ̀lú àlùbọ́sà díẹ̀ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fi ṣíbí kékeré bù ú lé orí kùkúńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ègé tàtàṣé pupa kan dé e lórí. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ ti wà nínú sadíìnì. Ẹja ni àwo yìí, òun ni ó sì yá bàjẹ́ jù: òun ni kí ẹ ṣe kẹ́yìn, òun ni kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé fún àlejò.

Ẹ̀kẹta, tòmátì tí ó là. Ẹ mú tòmátì mẹ́wàá tí ó le díẹ̀, ẹ là á láti orí sí mẹ́fà, kí ọ̀bẹ má dé ìdí rẹ̀, kí ó lè ṣí bí òdòdó. Ẹ fi ṣíbí kó kóró inú rẹ̀ jáde. Ẹ rẹ́ kárọ́ọ̀tì méjì àti kábéèjì díẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú rẹ̀. Kábéèjì nìkan ni kí ẹ ya ní ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọ̀ ọ́, nítorí pé inú àpadé ewé rẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìpara sàláàdì sí i, ẹ lo èyí tí a dì sínú ìgò ní ilé iṣẹ́, kí ẹ sì fi í sínú fíríìjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Ẹ má fi ẹyin tútù po tiyín nílé.

Ẹ̀kẹrin, igbá àgbọn. Ẹ fọ́ àgbọn méjì sí méjì-méjì, ẹ yọ ẹran inú rẹ̀, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fọ igbá rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ wá kó àgbọn àti ẹ̀pà yíyan sínú rẹ̀. Iná ti kan ẹ̀pà níbi tí wọ́n ti yan án, ó sì gbẹ. Nítorí náà ẹ lè fi ẹ̀pà nìkan sílẹ̀ de àlejò tí ó bá pẹ́ dé. Ẹ lè to ọsàn mímu tí a bó láì dá ẹran inú rẹ̀ yí i ká. Awọ funfun ara ọsàn náà ń dáàbò bo inú rẹ̀ títí àlejò yóò fi gé e fúnra rẹ̀.

Ẹ fi àwọ̀n tàbí ìdérí bo gbogbo àwo nítorí eṣinṣin. Ẹ fi ṣíbí ńlá tàbí igi ìtayín sí i, kí ọwọ́ oríṣiríṣi má máa bọ inú rẹ̀.

Àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà odindi, àgbọn líle tàbí ègé kárọ́ọ̀tì tútù. Ó lè há a lọ́fun, kí ó sì dí èémí rẹ̀. Ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó rọ̀, kí ó jókòó jẹ ẹ́, kí ó má sáré. Ẹ má fi igi ìtayín sí ọwọ́ ọmọ. Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun tí kò lè ké, tí kò lè wúkọ́, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun níbi tí ojú kò tó, ẹ má sì da omi sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàrin èjìká lẹ́yìn lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹlòmíràn sì máa pe ìrànlọ́wọ́.

Aboyún, arúgbó àti ẹni tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, kí wọ́n jẹ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé nìkan. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ègé èso díẹ̀ ni kí ó mú, kì í ṣe abọ́ kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó jìnnà sí ẹ̀pà oníyọ̀. Kí ẹ sì bi àlejò yín bóyá ẹ̀pà máa ń bá a jà lára, nítorí àwọn kan wà tí ẹyọ kan tó láti dá wọn gúnlẹ̀ sí ilé ìwòsàn.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bì tàbí tí ó ń ṣu gbuuru, omi tí ó ń jáde lára rẹ̀ ni ewu. Ẹ tètè fi ìyẹ̀fun ORS tí a ń tà ní ilé oògùn po omi bí a ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wọn omi tí ó mọ́ lítà kan, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, kí ojú ṣíbí náà dọ́gba, kí ó má ga. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ṣíbí fún ọmọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì yóò fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn síńkì tí yóò lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má lọ ra kápúsù olóríṣiríṣi lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri.

Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ọdún ni tàbí kì í ṣe ọdún, bí ojú aláìsàn bá wọnú, bí kò bá tọ̀, bí ara rẹ̀ bá rọ jọwọrọ, bí kò bá lè mu omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí bí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi ìrẹsì. Ẹ máa fún un ní omi náà lọ lójú ọ̀nà.

Ìyá wa ní Ìbàdàn, èsì ìwé yín nìyí. Ẹ to àwo yín kí ó dára, kí àwọn àlejò yìn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọwọ́ tí a kò fọ̀ tàbí ọ̀bẹ ẹran lára èso nínú ilé ìdáná yín lọ́jọ́ náà, bí àlejò tilẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Èso tí a dà nù kò ju owó díẹ̀ lọ. Àlejò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọdún yóò yabo fún gbogbo wa o. A kò ní fi ilé ìwòsàn ṣe ilé ọdún. Àṣẹ.